Mo fọwọ́ ara mi pààrọ̀ timing belt, ọkọ̀ wá ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ ata

Tíṣà Bódìjà

Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán kí ẹ tó bú mi.

Honda Accord 2001 ni mo ń wà, èyí tí a ń pè ní Baby Boy, oní-písítìnì mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì 2.3. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Ẹni tó tà á fún mi kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ timing belt rẹ̀, bẹ́líìtì rọ́bà eléyín ara ẹ́ńjìnnì, kẹ́yìn, èmi náà kò sì fọwọ́ kàn án láti ọdún mẹ́fà. Ẹ̀rù wá ń bà mí kó má lọ já lójú ọ̀nà Èkó. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo wo fídíò mẹ́rin, mo yá àpótí sípánà aládùúgbò mi, mo ní iṣẹ́ yá. Àárọ̀ Sátidé ni mo bẹ̀rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo dé bóòtù tó kẹ́yìn.

Mo sítáàtì rẹ̀, ó gbà! Mo pariwo pe ìyàwó mi kó wá gbọ́. Kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń jó ijó. Ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ ata, kò lágbára, bí mo bá tẹ iná, ó ń lọ́ra kó tó dáhùn. Ìyàwó mi bi mí pé, "Ṣé bó ṣe yẹ kó máa ṣe nìyẹn?"

Mo ti pa á. N kò gbọ́ ìró kí irin máa lu irin. Kí ni mo ṣe tí kò yẹ? Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a máa wọlé.

Ẹlẹ́nu Ṣámúṣámú

Tíṣà, ẹ jókòó, ẹ máa máàkì ìwé. Mẹkáníìkì kì í wá bá yín kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.

Tíṣà Bódìjà

Ẹ ṣeun. Mẹkáníìkì tí mo ní tẹ́lẹ̀ ló sọ fún mi pé bẹ́líìtì kì í já, kí n má da ara mi láàmú. Òun ló lé mi dé ìdí fídíò.

Ọmọ Ladipo

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ gbígbọ̀n, kí lẹ rà? Mo bi yín nítorí ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá àwọn wá bẹ́líìtì tòkunbọ̀, pé ó lágbára ju tuntun lọ. Rọ́bà ni o! Rọ́bà tó ti ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó, tó tún jókòó nínú kọ̀ǹtéínà, ni ẹ fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì lé lọ́wọ́. Ohun tí Honda kọ sílẹ̀ fún irú èyí ni máìlì 105,000 tàbí ọdún 7, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Ọdún ń jẹ rọ́bà, kódà bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Tí ẹ bá wá ń fi máìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ ṣe ìṣirò, ẹ mọ̀ pé ẹni tó yí i sẹ́yìn kò fi rìsíìtì sílẹ̀ fún yín.

Ẹ tẹ́ bẹ́líìtì àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ka eyín wọn, ẹ wọn fífẹ̀ wọn. Ẹ má wo páálí. Èmi ló ń tà á, mo mọ ohun tí wọ́n ń fi páálí ṣe. Bẹ́líìtì yìí náà ló ń yí páàǹpù omi, torí náà ìgbà kan náà ni kí ẹ pààrọ̀ páàǹpù, bíárìn tó ń fa bẹ́líìtì le, àti oil seal (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) ti camshaft àti ti crankshaft, ọ̀pá méjì tí bẹ́líìtì so pọ̀. Bí ọ́ìlì bá ń jò sórí rọ́bà tuntun, owó yín ni ẹ ń rẹ sínú ọ́ìlì.

Tíṣà Bódìjà

Tuntun ni mo rà, mo rà páàǹpù omi náà. Bíárìn ni mo dá padà síbẹ̀. Ó ṣì ń yí dáadáa lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Ladipo

Tíṣà, kì í ṣe ọwọ́ yín ló máa yí i lójú ọ̀nà.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ọmọ mi, o ṣe é re tí o pa á. Má tún fi kọ́kọ́rọ́ sí i títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí. Ogójì ọdún ni mo fi tún mọ́tò ṣe kí orúnkún mi tó ní ó tó. N kò ní bú ọ. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti ṣe ju báyìí lọ, mo sì ń fún wọn lóúnjẹ ọ̀sán.

Ohun tí bẹ́líìtì ń ṣe nìyí. Bí crankshaft nísàlẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀mejì, camshaft lókè gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, kó lè ṣí fáàfù kó sì tì í lásìkò. Nínú Honda tìrẹ, fáàfù tó ṣí àti písítìnì tó gòkè ń lo àyè kan náà. Wọ́n kàn ń yà fún ara wọn ni. Bí bẹ́líìtì bá já, tàbí tó fo eyín púpọ̀, wọ́n á pàdé níbẹ̀, fáàfù ni yóò sì tẹ̀. Iṣẹ́ top cylinder nìyẹn, a ó tú orí ẹ́ńjìnnì. Camry 2.2 ayé ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì 5S, kò rí bẹ́ẹ̀, àyè wà láàárín wọn. Mo ti rí èyí tí bẹ́líìtì rẹ̀ já ní Ojoo: a fi okùn fà á wálé, a fi bẹ́líìtì tuntun sí i, ó lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onítakisí fi ń búra pé bẹ́líìtì tó já kì í pa mọ́tò. Camry ni wọ́n ń wà.

Tìrẹ sítáàtì, kò sì sí ìró irin, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí fáàfù rẹ wà láyọ̀. Dá mi lóhùn: nígbà tí o fẹ́ gbé písítìnì àkọ́kọ́ sókè, àmì wo lo lò lára pọ́líì ìsàlẹ̀? Funfun kan wà níbẹ̀ tó dá wà. Mẹ́ta mìíràn tò pọ̀, èyí tó wà láàárín wọn pupa.

Tíṣà Bódìjà

Pupa, Bàbá. Òun ló hàn. Funfun tí ẹ ń sọ yẹn, gíríìsì ti bò ó. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Mo ti ń retí rẹ̀. Pupa wà fún iná pọ́lọ́ọ̀gì, òun la fi ń wò ó bóyá iná ń jó lásìkò. Nígbà tí pupa bá dúró lójú àmì, písítìnì kò tíì dé òkè. O wá gbé camshaft sójú rẹ̀ gan-an, "UP" tí wọ́n kọ sára pọ́líì rẹ̀ wà lókè, o sì fi crankshaft sẹ́yìn ní bí eyín kan. Ọkọ̀ kò lè lágbára báyẹn. Fi kẹrosíìnì àti bùrọ́ọ̀ṣì fọ pọ́líì yẹn kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí o wá funfun rí.

Gbígbọ̀n ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bẹ́líìtì méjì ló wà lára ẹ́ńjìnnì yẹn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré ń yí àwọn ọ̀pá méjì tó ń mú ara ẹ́ńjìnnì balẹ̀. Ìlọ́po méjì eré crankshaft ni wọ́n ń sá. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí lójú rẹ̀, dípò kó pa gbígbọ̀n, òun gan-an ni yóò máa gbọ̀n ọ́. Ti iwájú ní àmì tí ojú lè rí. Ti ẹ̀yìn kò ní. Ihò kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, bóòtù kan dí i. Tú bóòtù náà, kí o ti bóòtù mm 6 tó gùn tó mm 100 wọlé, yóò wọ inú ọ̀pá náà, yóò dì í mú kó má yí. Lẹ́yìn náà ni o tó lè fi bẹ́líìtì sí i. Ṣé o ṣe bẹ́ẹ̀?

Tíṣà Bódìjà

Rárá. Ẹni tó wà nínú fídíò ní kí a kàn fojú wò ó.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ojú ta ni?

Ọmọ Ṣángo

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí Tíṣà lè rí ẹ̀rín rín. Accord 1999, ẹ́ńjìnnì kan náà. Bóòtù àárín pọ́líì ìsàlẹ̀, sọ́kẹ̀ẹ̀tì 19, kò gbà. Mo fi páìpù gùn sípánà, mo dúró lé e, mo fò lórí rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi gun ẹ̀yìn mi. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ni ọ̀rẹ́ mi bá ní òun rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí a ti ìdí irin náà mọ́ ilẹ̀, kí a fi kọ́kọ́rọ́ ta ẹ́ńjìnnì díẹ̀, sítáàtà fúnra rẹ̀ á tú u.

A ta á. Gbàù! Irin fò, ó gún fẹ́ńdà, ó bọ́ sí àgbàlá kejì lórí ẹní tí wọ́n sá èlùbọ́ sí. Mo san owó èlùbọ́. Nígbà tí a tún gbé sípánà lé bóòtù, ó ti le ju ti àárọ̀ lọ. Títí dòní n kò mọ ohun tó fà á.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ohun tó fà á ni pé ẹ́ńjìnnì yẹn kì í yí bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Dúró kọjú sí pọ́líì, òdì aago ló ń yí. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ ń yí bí aago. Nígbà tí ẹ ta sítáàtà, ẹ ń fi agbára ẹ́ńjìnnì mú bóòtù le sí i ni. Kódà lára ọkọ̀ tó ń yí bí aago, n kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ mi dán irú ẹ̀ wò, apá ló ń ṣẹ́. Ihò onígun mẹ́fà wà láàárín pọ́líì Honda. Irin kan wà tí wọ́n ṣe fún un, mm 50, yóò di pọ́líì mú, ìwọ á wá fi sípánà gígùn tú bóòtù wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí o kò bá rí i rà, wẹ́dà gidi á ṣe é fún ọ.

Tíṣà, ìwọ náà gbọ́ ọ. Òdì aago ni kí o máa yí ẹ́ńjìnnì rẹ. Bí o bá fẹ́ kí bẹ́líìtì le bó ṣe yẹ, gbé e sí funfun, tú nọ́ọ̀tì bíárìn díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju yíyí kan lọ, wá yí crankshaft sí òdì aago títí eyín mẹ́ta yóò fi kọjá lára pọ́líì camshaft. Ibẹ̀ ni kí o ti mú nọ́ọ̀tì le. Sípíríìnì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Má fi sukudiráífà ràn án lọ́wọ́.

Ará Peckham

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọgbọ́n. Níbí, owó iṣẹ́ gáréèjì ju owó bẹ́líìtì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ìdí nìyẹn tí mo fi dojú kọ Ford Focus 1.6 mi fúnra mi nínú òtútù oṣù Kọkànlá, iná fóònù lẹ́nu mi.

Tipp-Ex, ọ̀dà funfun tí a fi ń pa àṣìṣe inú ìwé rẹ́, ni mo gbára lé. Mo fi sàmì sí bẹ́líìtì, sára pọ́líì, sára irin tó wà lẹ́yìn wọn. Mo ní bí mo bá dá gbogbo rẹ̀ padà bí mo ṣe bá a, ta ló máa mú mi? Ohun tí n kò mọ̀ ni pé lára ẹ́ńjìnnì yẹn, kò sí irin pẹlẹbẹ kékeré tó máa ń so pọ́líì mọ́ crankshaft kó má lè yẹ̀. Fífún tí bóòtù àárín fún un mọ́lẹ̀ nìkan ló dì í mú. Bí mo ṣe tú bóòtù yẹn báyìí, pọ́líì dòmìnira. Ó lè yí síbi tó wù ú kí crankshaft má mọ̀. Gbogbo Tipp-Ex mi di ọ̀ṣọ́.

Mo dì í padà, àmì bá àmì mu, ó lẹ́wà. Ó ku kí n sítáàtì. Ṣùgbọ́n mo ti kà á níbì kan pé kí n kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì. Mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì kó lè rọrùn, mo fi sípánà yí i. Kò tíì yípo kan tán tó fi dúró gbọn-in. Kì í ṣe bí ìgbà tí nǹkan le. Ó dúró bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá kan ògiri. Ọwọ́ mi fẹ́ tì í, mo bá jẹ́ kó jẹ́. Fáàfù ni mo fi kan písítìnì yẹn, wẹ́rẹ́, pẹ̀lú agbára ọwọ́. Ká ní sítáàtà ni, ìtàn mìíràn ni mò bá máa kọ síbí. Mo lọ ra irin tí wọ́n fi ń ti camshaft àti crankshaft mọ́lẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì yẹn, mo tún un ṣe. Ẹ wádìí tiyín kí ẹ tó gbára lé Tipp-Ex.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ẹni tó bá kà á dé ibí, kó tún ti ará Peckham yìí kà lẹ́ẹ̀kejì. Yíyọ pọ́lọ́ọ̀gì yẹn náà ṣe pàtàkì. Bí pọ́lọ́ọ̀gì bá wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà á máa ta kò ọ́, ọwọ́ rẹ kò ní mọ̀yàtọ̀ láàárín afẹ́fẹ́ àti fáàfù.

Ìyá Àrẹ̀mọ, Houston

Nínú ilé tiwa, èmi ni mò ń tún mọ́tò ṣe, ọkọ mi ń se ọbẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè.

Honda Odyssey 2006 ni tèmi, V6, oní-písítìnì mẹ́fà. Ti V6 ń yí bí aago, kó má baà da Tíṣà rú. Mo yá irin mm 50 tí Bàbá sọ yẹn. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ọkọ̀ níbí ń yáni nírin iṣẹ́: ẹ fi owó sílẹ̀, ẹ dá irin padà, ẹ gba owó yín. Bóòtù tú. Mo ń yangàn.

Àṣìṣe mi ń bọ̀ níwájú. Lára V6 yìí, ọ́ìlì ló wà nínú ohun tó ń fa bẹ́líìtì le, ó dà bí ṣọ́ọ̀kì kékeré. Tuntun máa ń wá pẹ̀lú pínnì tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Mo rò pé tìtorí ìrìn-àjò inú páálí ni wọ́n ṣe fi pínnì síbẹ̀, mo fà á yọ lórí tábìlì ìdáná. Ọ̀pá inú rẹ̀ yọ jáde fàà, ó ń wò mí. Ọwọ́ kò lè tì í padà. Inú fáìsì, irin tí a fi ń há nǹkan mọ́ tábìlì iṣẹ́, ni mo ti tún un tẹ̀, lóòró, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ tuntun lómi, títí ihò pínnì fi tún bá ara wọn mu. Wákàtí kan gbáko. Ẹ̀yin tó ní V6, tí ẹ bá ti dè é mọ́lẹ̀ tán, tí bẹ́líìtì wà lórí gbogbo pọ́líì, ìgbà náà lẹ tó fa pínnì yọ.

Ohun kan tó dùn mọ́ mi: bóòtù tó di bátìrì mú nínú ọkọ̀ yẹn ni Honda fúnra wọn ní kí ẹ yọ, kí ẹ fi ti ohun tó ń fa bẹ́líìtì mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé ẹni tó sọ ọ́ fún mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Akin Ọ̀tẹ́

Nọ́ọ̀tì 10 bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ sínú kọ́fà ìsàlẹ̀. Mo ní kò sí ohun tó máa ṣe, mo dé e pa. Nígbà tí mo fi ọwọ́ yí i, mo gbọ́ kẹ́rẹ́. Ó ti há sáàárín eyín àti pọ́líì. Mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tó bàjẹ́ ni mo so mọ́ igi ìgbálẹ̀ tí mo fi fà á yọ. Látìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, aṣọ ni mo kọ́kọ́ ń tẹ́ dí ìsàlẹ̀.

Bàbá Tóbi, Òṣogbo

Camry 5S ni mo ṣe. Àwo pẹlẹbẹ kan wà níwájú pọ́líì ìsàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí bẹ́líìtì yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú. Láàárín oṣù kan ó ti ha etí bẹ́líìtì di òwú. Ìró rẹ̀ dà bíi ti ẹyẹ, ìyàwó mi ń wá ẹyẹ káàkiri ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kan náà, mo gbé jáàkì sábẹ́ páànù ọ́ìlì láìfi pákó sí i, nítorí a gbọ́dọ̀ yọ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kan lápá ibẹ̀. Páànù tẹ̀ wọnú bí àwo amọ̀ tútù.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Pákó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, pákó tó nípọn sì wà lábẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Mo mọ ọmọkùnrin kan tí jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ lé lórí. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí.

Ọmọ Ladipo

Mo gbàgbé èyí: ẹ má ṣẹ́ bẹ́líìtì po láti wò ó bóyá ó rọ̀. Fọ́nrán gíláàsì ló wà nínú rọ́bà yẹn. Bí ẹ bá ká a kò bí ìwé, ó ti ṣẹ́ nínú kí ẹ tó gbé e délé, kò sì ní hàn lójú. Àwọn oníbàárà ń ṣe é níwájú mi, mo sì ń fi bẹ́líìtì náà dì wọ́n lọ́wọ́ pé kí wọ́n sanwó rẹ̀.

Tíṣà Bódìjà

Ẹ kú àdúrótì o, ọjọ́ mẹ́rin rèé. Mo tú gbogbo rẹ̀ padà. Mo fọ pọ́líì, mo rí funfun, ó ń wò mí láti ìgbà yìí. Mo ra bíárìn tuntun ní Gate (Ọmọ Ladipo, ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀). Bóòtù gígùn, ọwọ́ káfíńtà àdúgbò ni mo ti rí i. Mo rí ihò ẹ̀yìn, ó wọlé, ọ̀pá dúró. Mo fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì sí òdì aago lẹ́ẹ̀mẹfà, pọ́lọ́ọ̀gì lóde, mo ń tẹ́tí bí dókítà. Kò kan nǹkan kan. Funfun padà sójú rẹ̀, "UP" wà lókè.

Mo sítáàtì rẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ ọ bí ẹ bá dúró sẹ́nu géètì. Mo gbé ife omi lé orí ẹ́ńjìnnì, omi kàn ń mì díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n gbé ife òun kúrò níbẹ̀.

Nǹkan méjì ló kù. Rédíò kò sọ̀rọ̀ mọ́, "CODE" ló kọ sójú.

Ìyá Àrẹ̀mọ, Houston

Nítorí ẹ tú bátìrì ni. Ẹ wo inú àpótí iwájú ìjókòó èrò, ẹ wo ara ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sábà máa ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ibẹ̀.

Tíṣà Bódìjà

Ó wà níbẹ̀! Ẹ ṣeun, Mọ̀mí. Èkejì ni pé bóòtù kan ṣẹ́kù nílẹ̀. Ó nípọn, ó kúrú, wáṣà pẹlẹbẹ kan wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ti wo gbogbo kọ́fà, kò sí ihò tó ṣófo.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Bóòtù mm 100 ńkọ́? O yọ ọ́ kí o tó sítáàtì?

Tíṣà Bódìjà

Mo yọ ọ́, Bàbá. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Kí lo wá fi dí ihò tí o ti yọ ọ́?

Tíṣà Bódìjà

Háà.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Lọ wo abẹ́ ọkọ̀.

Tíṣà Bódìjà

Ọ́ìlì wà nílẹ̀, Bàbá. Mò ń bọ̀.